Lẹ́tà ṣíṣí sí ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ lórí "Èmi ni tiyín ní tòótọ́"

Sí Ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá ní ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ wa,

Ọ̀gá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ wa. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní pẹ́ lórí ìkíni, nítorí ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá, bí ìlànà yín ṣe ní kí àwọn ọmọ máa parí lẹ́tà Yorùbá, ò jẹ́ kí n fara balẹ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti gbé ìwé ìdánwò rẹ̀ wálé. Mo kọ́kọ́ lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Olùkọ́ ní kí n lọ rí ọ̀gá iléèwé. Ọ̀gá iléèwé fi ìwé ìlànà tí ẹ̀yin fọwọ́ sí hàn mí, ó ní ọwọ́ òun ò tó o. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí sí yín ní gbangba, kí àwọn òbí àti olùkọ́ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí lè bá wa dá sí i.

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ọmọ mi wà ní SS2. Wọ́n ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ìyá wọn àgbà, kí wọ́n sọ bí sáà ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ. Lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ ni, irú èyí tí à ń kọ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́. Ó kọ àdírẹ́sì sápá ọ̀tún lókè, ó kọ déètì sí i, ó kí ìyá àgbà, ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, ó ròyìn ìṣirò tó ń fún òun ní wàhálà, ó ní kí wọ́n bá òun kí ará ilé. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó kọ ọ́ báyìí:

"Ó dìgbà tí a bá fojú rinjú lọ́dún o, Màámi.
Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ yín."

Bíírò pupa gba àárín "Àbẹ̀kẹ́ yín" kọjá. Lókè rẹ̀, ẹni tó máàkì ìwé kọ "Èmi ni tiyín ní tòótọ́". Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kọ 1/5 sí, fún ìparí lẹ́tà. Máàkì mẹ́rin lọ.

Ó pàpà yege nínú ìdánwò náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì ló gbé mi nídìí. Ìbéèrè tó bi mí ló ń dùn mí. Ó ní, "Bàámi, ṣé mi ò lè jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ wọn nínú ìwé ni?" Mi ò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, oríkì tí ìyá mi fi ń pè é láti ọjọ́ tó ti dáyé nìyẹn, ọmọ tí a bẹ̀ kí a lè rí i kẹ́. Ní ilé wa, ìyá mi kì í pe orúkọ tí a fi sínú ìwé iléèwé rẹ̀ rárá. Bí ẹ bá dárúkọ yẹn fún wọn, wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè pé ta nìyẹn.

Mo ka ìwé ìlànà yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú ìwé kejì, ìlà tó kẹ́yìn: gbogbo lẹ́tà, gbẹ̀fẹ̀ tàbí àìgbẹ̀fẹ̀, "Èmi ni tiyín ní tòótọ́" nìkan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi parí rẹ̀. Ẹni tó bá kọ òmíràn kò gbọdọ̀ gbà ju ẹyọ kan lọ nínú márùn-ún. Ìlà kan péré. Kò sí àlàyé, kò sí àpẹẹrẹ.

2. Ta ní ń jẹ́ "Èmi ni"?

Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn lóru, tí a bi í pé "Ta nìyẹn?", ohun tó máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni "Èmi ni." Kò sí àgbà kan tó máa torí ìyẹn ṣílẹ̀kùn. "Ìwọ ta?" ni wọ́n máa tún bi í. Ìgbà tó bá ní "Èmi ni, Àkànní" tàbí "Èmi ni, ọmọ Ìyá Aláṣọ" ni ẹ máa tó gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́.

Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ni lẹ́tà. Ẹni tó ń kà á ò rí ojú ẹni tó kọ ọ́, kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀. "Èmi ni" tó wà nísàlẹ̀ ìwé, ẹnu ọ̀nà ló ṣì dúró sí, ó ń retí kí a fi nǹkan kún un: èmi tí mo jẹ́ kí ni sí yín?

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ yìí ni àwọn baba wa ti mọ èyí. Wọ́n ń fi àrokò ránṣẹ́ síra wọn, owó ẹyọ mẹ́fà láti sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, mẹ́jọ láti sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Owó ẹyọ ò ní orúkọ lára. Ẹni tó gbé e wá ló ń jẹ́ kí a mọ ẹni tó rán an. Tó bá jẹ́ ti ọba, ọ̀pá ọba máa tẹ̀ lé e, àwọn tí iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ wọn á sì dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀pá bí ẹni pé Kábíyèsí gan-an ló dúró níbẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba tí wọ́n fá apá kan orí rẹ̀, orí yẹn nìkan ti tó ìfọwọ́sí.

Ẹ tún ṣí Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sí èdè wa. Ní ìparí lẹ́tà kejì sí àwọn ará Tẹsalóníkà, orí 3, ẹsẹ 17, Pọ́ọ̀lù ní ọwọ́ ara òun lòun fi kọ ìkíni yẹn, pé àmì òun nínú gbogbo ìwé òun nìyẹn. Ẹlòmíràn ló máa ń bá a kọ lẹ́tà. Nínú Róòmù 16:22, akọ̀wé tó ń jẹ́ Tertiu tiẹ̀ yọjú láàárín kí òun náà kí àwọn ará. Ṣùgbọ́n tó bá kan ìparí, Pọ́ọ̀lù gba kálámù lọ́wọ́ akọ̀wé.

Mo ka lẹ́tà ọmọ náà sí ìyá mi létí lórí fóònù. Nígbà tí mo dé "Èmi ni, Àbẹ̀kẹ́ yín", wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó tó ìṣẹ́jú méjì kí wọ́n tó rántí pé fóònù ni wọ́n gbé dání.

3. Ibi tí "tiyín" ti wá

Gbólóhùn tí ẹ sọ di òfin yìí, ẹnu àwọn baba ńlá wa kọ́ ló ti jáde. Ẹ gbé e wò. "Èmi ni tiyín." Tiyín kí? Ilé tiyín, ajá tiyín, oko tiyín, ó yé mi. Èmi tiyín kí? Ọ̀rọ̀ kan ti sọnù níbẹ̀, ọ̀dọ̀ òyìnbó ló sì ti sọnù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láyé àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń fà á gùn nísàlẹ̀ lẹ́tà pé àwọn ni ìránṣẹ́ yín, ìránṣẹ́ yín tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ìránṣẹ́ yín tó ń gbọ́ràn. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ó sú wọn, wọ́n ń gé e kúrú. "Ìránṣẹ́" bọ́ sílẹ̀, ó ku "tiyín" àti ọ̀rọ̀ kan tó ń sọ irú tiyín tí wọ́n jẹ́. Ibẹ̀ ni Yours faithfully àti Yours sincerely jókòó sí.

Wọ́n tún pín in. Ẹni tí o pè ní "Sà" láìdárúkọ rẹ̀, faithfully ni tirẹ̀. Ẹni tí o dárúkọ, sincerely ni. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn tíṣà wá gbé lẹ́tà kọ́ wa, méjèèjì di "ní tòótọ́" kan náà lọ́wọ́ wa. Òyìnbó tó ni nǹkan rẹ̀ ní méjì, ó kéré tán, ó sì tún ń fi ìfẹ́ àti orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé parí lẹ́tà sí ìyá rẹ̀. Àwa tí a yá a lò la sọ ẹyọ kan di òfin fún tilé-toko.

Ẹ má sì rò pé òyìnbó fúnra rẹ̀ gba gbólóhùn yẹn gbọ́. Ní 1755, Samuel Johnson (ti Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ni mò ń wí o, kì í ṣe Àlùfáà Johnson tiwa tó kọ ìtàn Yorùbá) kọ̀wé sí ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Lord Chesterfield. Ọkùnrin yìí pa á tì nígbà tó ń jìyà lórí iṣẹ́ náà, ó wá fẹ́ ṣe bí olóore rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ parí. Johnson kọ ọ́ sí i pé oore rẹ̀ pẹ́ kó tó dé, kó máa gbé e lọ. Lẹ́tà náà korò bí ewúro. Síbẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ti pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́ olúwa mi tó rẹlẹ̀ jù lọ, tó gbọ́ràn jù lọ. Àṣà ni. Kò sẹ́ni tó rò pé ó ń lọ pọn omi ìwẹ̀ fún ọkùnrin náà.

4. Tábìlì bàbá mi

Iṣẹ́ akọ̀wé ni bàbá mi ṣe, irú èyí tí wọ́n ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní Ìbàdàn ni, kí a tó kó kúrò níbẹ̀. Tábìlì kan, àga méjì, agbòòrùn dúdú tí irin rẹ̀ kan ti ṣẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí íńkì ti dí ojú "e" rẹ̀, páàdì tí àwọn tí ò mọ̀wé fi ń tẹ̀ka. Bí iléèwé bá gba ọlidé, ẹsẹ̀ tábìlì yẹn ni mo máa ń jókòó sí. Èmi ni mò ń lá sìtáǹbù. Òfin kan wà láti ayé ìjọba amúnisìn, tí wọ́n fi dáàbò bo àwọn tí ò mọ̀wé: akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sórí ohun tó bá ẹlòmíràn kọ, ó sì gbọ́dọ̀ kà á sí i létí kó yé e kó tó tẹ̀ka. Bàbá mi kì í fo èyí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ń gbọ́ gbogbo lẹ́tà, ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ́ àti ìgbà tí bàbá mi ń kà á padà.

Tó bá jẹ́ ìwé sí ìjọba, Gẹ̀ẹ́sì ni, kì í sì í bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó parí rẹ̀. Ó sọ fún mi pé nígbà tí àwọn Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ṣì wà, kí òmìnira tó dé ní 1960, ohun tí wọ́n fi ń parí ìwé ẹ̀bẹ̀ ni pé mo ní ọlá láti jẹ́, Sà, ìránṣẹ́ yín tó ń gbọ́ràn. Ó lè jẹ́ ẹjọ́ ilẹ̀ ni ọkùnrin náà wá rò, kí inú máa bí i débi pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó ń tẹ̀ka. Ìránṣẹ́ náà ni nísàlẹ̀.

Ti Yorùbá ló yàtọ̀. Tó bá kọ ọ́ títí tó ku ìlà kan, bàbá mi á gbé kálámù sókè, á wo ojú oníbàárà rẹ̀, á ní: "Kí lẹ jẹ́ sí i?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, Ọ̀gá wa. Kí lẹ jẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ máa ń dáhùn kíákíá: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, àbúrò ìyá rẹ̀ ni mí, a jọ gbé ilé kan náà ní Kánò ni. Ọkùnrin kan tó ń kọ̀wé sí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ní kí bàbá mi kọ "Èmi ni, ẹni tó mọ ilé yín." Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá owó náà wọlé.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti obìnrin kan tó ń kọ̀wé sí ọkọ rẹ̀ ní Àbíjàn. Ọdún kẹta rèé tí ọkùnrin náà ò ti fi nǹkan kan ránṣẹ́. Obìnrin náà ò bú u. Owó iléèwé ló ń sọ, àti òrùlé tó ń jò, àti ọmọ wọn ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ti ń yí padà. Nígbà tí wọ́n dé ìparí, bàbá mi ò béèrè lọ́jọ́ yẹn, ó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ó kọ ọ́ pé "Èmi ni, ìyàwó rẹ." Ó wá ń kà á padà. Nígbà tó dé ibẹ̀, obìnrin náà gbé ọwọ́ lé ìwé. Ó ní, "Rárá o, bàbá. Ẹ yọ ìyẹn kúrò." Bàbá mi ní kí wá ni kí òun kọ. Ó dákẹ́. Ọkọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin kọjá lójú títì. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ rẹ."

Bàbá mi ò fa ìlà sí i. Ó ya ìwé náà, ó mú òmíràn, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti orí àdírẹ́sì, kò sì gba kọ́bọ̀ kan kún owó rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí ọkùnrin náà rí i pé wọ́n kọ "ìyàwó" tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́.

Ẹ wá fi ìlànà yín máàkì lẹ́tà yẹn. Ẹyọ kan nínú márùn-ún.

5. "Ní tòótọ́"

Èyí ò gùn. Bí ọmọ bá kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ tó ní "ọmọ yín ní tòótọ́", ìyá tó gbọ́ Yorùbá dáadáa máa béèrè pé ta ló ti wá ń sọ pé kì í ṣe ọmọ òun. Ibi tí iyèméjì bá wà la ti ń fi òótọ́ jẹ́rìí lédè wa. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mò ń ṣe àṣejù. Mò ń ṣe é díẹ̀.

6. Ohun tí ìlànà yín gbà wọlé

Mo ní kí ọmọ mi yá ìwé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wá fún mi, mo sì fẹ́ kí ẹ fi èyí ṣe ẹ̀rí.

Àkọ́kọ́ mú ìbéèrè kejì, lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó bá a ṣàwàdà látòkè délẹ̀, "o" ló ń pè é, "ilé rẹ", "ìyá rẹ", ó tiẹ̀ pè é ní ọ̀lẹ níbì kan. Bó ti dé ìsàlẹ̀, ọ̀rẹ́ náà ṣàdédé di àgbà: "Èmi ni tiyín ní tòótọ́." Márùn-ún nínú márùn-ún. Ọmọ Yorùbá tí ò mọ̀gbà tó yẹ kó pe èèyàn ní "ẹ" àti ìgbà tó yẹ kó pè é ní "o", ilé la ti máa ń bá a wí. Ní iléèwé, ìlànà yín ló fún un ní máàkì.

Èkejì kọ ọ́ sí ìyá rẹ̀ àgbà. Ìparí rẹ̀ rèé: "Ó dìgbéré o, Màmá àgbà. Èmi ni tiyín ní tòótọ́." Òun náà, márùn-ún nínú márùn-ún. Ọ̀gá wa, ẹ dákun, ẹ tún un kà. Ó dìgbéré, ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá: ẹni tó ti kú là ń sọ ìyẹn fún, pẹ̀lú omi lójú. Ọmọdé kọ ọ́ sí arúgbó tó wà láàyè, ẹni tó máàkì ìwé sì fo ó kọjá nítorí ojú rẹ̀ ti wà lórí gbólóhùn tí ẹ ní kó wá. N kò dá olùkọ́ náà lẹ́bi tán. Ìwé tó wà níwájú rẹ̀ nígbà yẹn á ti tó ọgọ́rùn-ún, ìlànà yín ló sì gbé sí ẹ̀gbẹ́.

Níbí yìí ni iṣẹ́ olùkọ́ wà gan-an. Ó dàárọ̀ là ń sọ bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí a ń lọ sùn. Ẹni tó jáde tí a mọ̀ pé ó ń padà bọ̀, ó dàbọ̀. Ó dọ̀la ní ọjọ́ tirẹ̀. Ó dìgbà, ó dìgbóṣe, ìyẹn fún ẹni tí a ò mọ ọjọ́ tí a tún máa rí. Ní ilé Mùsùlùmí, sàláámù ni lẹ́tà fi ń bẹ̀rẹ̀, sàláámù náà ló fi ń parí, mo sì ń béèrè pé ẹyọ kan nínú márùn-ún náà ni ẹ máa fún àfáà tó bá kọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀? Àwa tí a ní ẹ kú ọ̀gìnnìtìn fún òtútù, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ fún àìrójò, ẹ kú ewu ọmọ fún abiyamọ, àwa la wá di ẹni tí ò ní ju ìdágbére kan lọ nínú ìwé.

7. N kò ní kí ẹ jù ú nù

Àwọn kan ti ń sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tí òyìnbó gbé wá ni, kí wọ́n kúkú yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ẹ̀kọ́. N kò sí lẹ́yìn wọn. Nínú àpótí bàbá mi, mo rí lẹ́tà kan tí akọ̀wé ìjọ kọ sí i nítorí owó àga. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló wà: "Emi ni ti nyin nitõtọ", pẹ̀lú "nyin" tó fi n bẹ̀rẹ̀ àti o tó dé fìlà, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 tó dé. Ó dùn ún wò. Gbólóhùn yẹn ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó ti di ọmọ ilé.

Ó sì ní ibi tó bá a mu. Bí mo bá kọ̀wé sí alága ìjọba ìbílẹ̀ nítorí gọ́tà, kí ni mo jẹ́ sí i? N kì í ṣe ọmọ rẹ̀, n kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, n kì í ṣe ìránṣẹ́ rẹ̀. Àyè tó ṣófo lẹ́yìn "tiyín" yẹn wúlò níbẹ̀: kí alága fi ohun tó bá wù ú dí i. Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ohun tí mò ń bá yín jà lé lórí ni pé ẹ gbé e wọ yàrá ìyá àgbà.

(Níwọ̀n ìgbà tí a ti wà lórí rẹ̀: olùkọ́ kan ń fa ìlà pupa sí "nítòótọ́" tí a so pọ̀, òmíràn ń fà á sí "ní tòótọ́" tí a yà sọ́tọ̀, nínú iléèwé kan náà. Ẹ bá wọn yan ọ̀kan.)

8. Ohun tí mo ń béèrè

Àkọ́kọ́, kí ẹ fagi lé ìlà yẹn nínú ìwé ìlànà kí ìdánwò sáà kẹta tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn iléèwé bí ẹ ṣe kọ ti àkọ́kọ́.

Èkejì, kí ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta rọ́pò rẹ̀ fún àwọn tó ń máàkì. Ǹjẹ́ ìparí yìí jẹ́ kí ẹni tó ń kà á mọ ohun tí akọ̀wé jẹ́ sí i? Ǹjẹ́ "o" tàbí "ẹ" tó fi bẹ̀rẹ̀ ló fi parí? Ǹjẹ́ ìdágbére rẹ̀ bá alààyè mu? Ọmọ tó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fún un ní márùn-ún rẹ̀, ìbáà jẹ́ "tiyín ní tòótọ́" ló kọ, ìbáà jẹ́ "Àkànbí yín".

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n tún ìparí lẹ́tà tí wọ́n ti fi ìlànà yìí máàkì wò. Mo mọ̀ pé ìwé náà pọ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ máa ní àyè ò sí. Ó kéré tán, kí ẹ jẹ́ kí iléèwé tó bá fẹ́ ṣe é ṣe é, kí ọ̀gá iléèwé má tún sọ pé ọwọ́ òun ò tó o.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ fún ìdágbére ní kíláàsì kan péré nínú sáà, ogójì ìṣẹ́jú. Kí olùkọ́ kọ ó dàárọ̀, ó dàbọ̀, ó dìgbà àti ó dìgbéré sójú pátákó, kó bi àwọn ọmọ pé ta ni wọ́n máa sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún. Ẹni tó máa pa ariwo jù nílé kíláàsì yẹn á jẹ́ èyí tí ìyá rẹ̀ àgbà ṣì wà láyé.

Mò ń retí èsì yín ní kíkọ, nítorí mo fẹ́ fi han ọmọ mi. Ìwé ìdánwò rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi bí ẹ bá fẹ́ rí i. Ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, mo ti dá a padà, mo sì ti bá ẹni tó kọ ó dìgbéré sọ̀rọ̀ ní jẹ̀lẹ́ńkẹ́. Ẹ bá mi kí àwọn ará ọ́fíìsì yín. Ó dàbọ̀ o.

Èmi ni,
Ọmọ akọ̀wé ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́,
bàbá Àbẹ̀kẹ́.